Igi máńgòrò, íńtálọ́ọ̀kù àti omi òjò nínú àgbàlá kan

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lọ́tẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìbàdàn. Ó kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti parí ilé wa, èmi àti bàbá àwọn ọmọ sì ti kó wọ inú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n àgbàlá kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan ni ilẹ̀ wa, ó sì dagẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wá sí ọ̀nà géètì. Tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á dé ẹnu ilẹ̀kùn, àgbàrá sì ti ń gbẹ́ ìdí fẹ́ńsì. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀ kí a tó ra ilẹ̀, kò ju nǹkan bíi mítà 6 sí ògiri ilé. Bàbá àwọn ọmọ ní kí a gé e, kí a fi íńtálọ́ọ̀kù bo gbogbo ilẹ̀ láti ìdí ilé dé ìdí fẹ́ńsì, kí a lè sinmi. Wọ́n ní gbòǹgbò rẹ̀ máa la ilé, wọ́n tún ní ó ń fa ejò. Èmi ò fẹ́ kí a gé e, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹrẹ̀ mọ́. Ọmọ wa tó wà ní London fi àwòrán àwọn ọgbà kan ránṣẹ́, níbi tí òkúta, igi, koríko àti omi ti wà pa pọ̀, ó sì wù mí gan-an. Ṣé irú rẹ̀ ṣeé ṣe nílẹ̀ wa, àbí tòyìnbó nìyẹn?”

Ìyá wa, ẹ kú ilé tuntun, Ọlọ́run á jẹ́ kó tura fún yín. Mo ka lẹ́tà yín dáadáa, mo sì rí i pé omi ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ń jà fún igi, bàbá ń jà fún íńtálọ́ọ̀kù, omi tó dá ìjà sílẹ̀ wá ń wò yín níran, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ohun tí bàbá ń fẹ́ kò burú: ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹsẹ̀ kò ní rì, tí mọ́tò á wọlé láìta ẹrẹ̀ sí ara ògiri. Ohun tí ẹ̀yin náà ń fẹ́ kò burú. Àwọn méjèèjì lè wà nínú àgbàlá kan náà, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́ títún àgbàlá ṣe tí mò ń ṣe yìí. Ohun tí kò ní ṣeé ṣe ni kí a bo gbogbo ilẹ̀ pa, kí a tún máa retí pé omi á rí ibi gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́. Wọ́n máa ń sọ pé íńtálọ́ọ̀kù sàn ju kọnkéré lọ nítorí pé omi ń gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ tí a bá tẹ́ ẹ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ níbi tiwa: wọ́n á da ilẹ̀ pupa sílẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbá a mọ́lẹ̀ títí yóò fi le gbagidi, wọ́n á da sitóònì dọ́ọ̀sì, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta, lé e lórí, àwọn mìíràn á tún po sìmẹ́ńtì mọ́ ọn kó má baà yẹ̀. Wọ́n á wá to búlọ́ọ̀kù náà, wọ́n á sì gbá iyanrìn kíkúná sí àárín rẹ̀. Kó tó pẹ́ púpọ̀, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí kíkúná ti dí àárín wọ̀nyẹn pa. Omi tó bá bọ́ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣíṣàn ló máa ṣàn. Íńtálọ́ọ̀kù tó ń mu omi wà lóòótọ́: òkúta wẹ́wẹ́ tí kò ní ìyẹ̀fun nínú ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, àárín búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì fẹ̀ díẹ̀, òkúta tíntìntín ni wọ́n sì fi dí i dípò iyanrìn. Tí bíríkìlà yín bá sọ pé òun á ṣe èyí tó ń mu omi, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ dà sábẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ fún yín bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Òjò tó bá jẹ́ mìlímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ omi lítà 1. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 460. Òjò ńlá kan tó bá rọ̀ tó mìlímítà 50 máa da nǹkan bíi lítà 23,000 sórí ilẹ̀ náà, ìyẹn táńkì dúdú onílítà 1,000, mẹ́tàlélógún. Tí òrùlé àti búlọ́ọ̀kù bá bo gbogbo ilẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú omi yẹn ló máa sáré wá sí ẹnu géètì yín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò sí ohun tó dá a dúró lọ́nà. Fẹ́ńsì tí àgbàrá ti ń gbẹ́ ìdí rẹ̀ báyìí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé omi fún un. Omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 wà nínú ìrántí àwọn àgbà, ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 sì ṣojú àwọn ọmọ. Ohun púpọ̀ ló ń fa irú àjálù bẹ́ẹ̀, ilé tí a kọ́ sí etí odò àti pàǹtí tí a dà sínú rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlá tí a bò pa lórí òkè náà kò mọ́wọ́ kúrò, torí pé kálukú ń ti omi tirẹ̀ sí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ bi mí bóyá tòyìnbó ni kí òkúta àti igi wà pa pọ̀. Rárá o, ìyá wa. Láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15, wọ́n ti ń fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n á to àpáàdì náà ní ìnaró, etí rẹ̀ sókè, ẹyọ kan á dà sí ọ̀tún, èkejì á dà sí òsì, títí ojú ilẹ̀ á fi ní ọnà. Níbòmíràn wọ́n á fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ la àárín rẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ kí wọ́n máa ṣe é. Àgbàlá agbo ilé àtijọ́ náà, omi ni wọ́n rò kí wọ́n tó kọ́ ọ. Òrùlé dagẹ̀rẹ̀ sínú, omi òjò ń bọ́ sí agbede méjì agbo ilé, wọ́n á gbé ìkòkò síbẹ̀ láti gbè é, èyí tó bá ṣẹ́ kù á gba ojú àgbàrá jáde. Èrò pé ilé ti di ti ọ̀làjú nígbà tí kò bá sí ilẹ̀ kankan tó ṣófo nínú àgbàlá, àwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wọlé.

Ibi tí mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ wò ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, àjọ àgbáyé UNESCO sì fi gbogbo rẹ̀ sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo títí ó fi kú ní 2009. Ọ̀kan lára wọn ni Adébísí Àkànjí, ẹni tó jẹ́ bíríkìlà kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ àwọn ilé òrìṣà àti ère wọ̀nyẹn, sìmẹ́ńtì kan náà tí bíríkìlà yín máa rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ògiri ṣe ń yà fún igi, bí ère ṣe ń dìde láàárín ewéko, tí ilẹ̀ sì wà ní ilẹ̀ káàkiri. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀ láìlé igbó lọ. Ní Brazil, Roberto Burle Marx, tó gbé ayé láti 1909 dé 1994, ṣe irú rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Àwọn olówó ibẹ̀ ń gbin òdòdó Yúróòpù. Òun lọ ń kó ewéko inú igbó ilẹ̀ Brazil fúnra rẹ̀, ó ń gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ilé kọnkéré ìgbàlódé, ó sì ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ya ọnà sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn àwòrán tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ wu ojú, àmọ́ ewéko inú wọn ni kí ẹ má dà kọ. Ohun tó ń hù dáadáa ní London kò mọ ọyẹ́, kò sì mọ òjò oṣù kẹsàn-án Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ igi wá kàn. Bàbá kò jẹ̀bi láti bẹ̀rù gbòǹgbò, torí pé igi kan wà tí kò yẹ kó sún mọ́ ilé rárá. Àràbà, ìrókò àti ọdán kì í ṣe igi inú púlọ́ọ̀tì kan. Ọdán pàápàá lè ki gbòǹgbò bọ inú ògiri tó bá ti sán, á sì máa fẹ̀ ẹ́ lọ. Igi fúrúùtù, èyí tí ewé rẹ̀ ń pọ́n kó tó já, máa ń ta gbòǹgbò sójú ilẹ̀, ó sì ń gbé íńtálọ́ọ̀kù sókè. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í dédé fi orí gbá ìpìlẹ̀ tó dára títí yóò fi là. Ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ bá wà ló ń lọ. Tí páìpù bá ń jò, tí sọ́kàwè bá ti sán, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá a. Ibi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó ń wú nígbà òjò tó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi ńlá tó ń fa omi ibẹ̀ lè dá kún ìsúnkì ilẹ̀, ilé á sì là lóòótọ́. Ilẹ̀ pupa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Máńgòrò tó wà ní mítà 6 sí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ kò bà mí lẹ́rù.

Kí ọkàn bàbá lè balẹ̀, ẹ má fi ẹnu jà á. Ẹ ní kí ẹnì kan fi ọwọ́ gbẹ́ kòtò tóóró kan láàárín igi àti ilé, ní mítà 1 sí ìdí ògiri, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, torí pé láàárín ìwọ̀n yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi máa ń wà. Kó má fi agbára lo ọkọ́. Kó máa họ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí gbòǹgbò tó bá bá níbẹ̀ kò bá nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ da ilẹ̀ padà. Tí ó bá rí èyí tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tó sì dojú kọ ilé, ẹ má ṣe gé e fúnra yín, torí pé gbòǹgbò ńlá wà lára ohun tó ń di igi mú nígbà ìjì. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa igi kó wá wò ó. Ní ti ejò, eku, aláǹgbá àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń tẹ̀ lé wá, ibi tó sì ń sá pamọ́ sí ni òkìtì búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù, pákó tí a kó jọ lẹ́yìn ilé, àti koríko tó ga dé orúnkún. Ẹ palẹ̀ wọ̀nyẹn mọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ tún ní kí wọ́n gé ẹ̀ka tó bá sún mọ́ òrùlé, kí àlàfo tó mítà 2 wà láàárín wọn, torí pé ejò mìíràn máa ń gun igi, a kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń pa igi nínú àgbàlá wa ju àáké lọ ni ìkẹ́ tí a kò mọ̀ ọ́n kẹ́. Ẹ̀yin náà á ti rí i: wọ́n á mọ búlọ́ọ̀kù yí ìdí igi ká, wọ́n á rọ ilẹ̀ kún inú rẹ̀ dé orúnkún, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún ní funfun, àwọn àlejò á sì máa jókòó lé e. Ní ọdún kìn-ín-ní, ó máa ń dára. Ṣùgbọ́n èèpo ìdí igi kò dá láti máa gbé inú ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tútù bá bò ó tí kò rí afẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lábẹ́lẹ̀, ikán á sì wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀ka òkè pátápátá á kọ́kọ́ gbẹ, ewé á máa kéré sí i, èso á dínkù. Ẹnikẹ́ni ò ní rántí àga kọnkéré nígbà náà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fi kátápílà họ ilẹ̀ abẹ́ igi kúrò kí wọ́n lè tẹ́ íńtálọ́ọ̀kù: wọ́n ti gé gbòǹgbò tó ń bọ́ ọ, igi náà á dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan, á wá kú nígbà tí òṣìṣẹ́ ti gba owó lọ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, lábẹ́ máńgòrò yín, kò sí gbígbẹ́, kò sí rírọ. Láti ìdí igi dé ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ dé lókè, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ da ewé gbígbẹ sí i, kí ewé náà má kan èèpo igi. Tí ẹ bá fẹ́ máa jókòó níbẹ̀, àwọn òkúta pẹlẹbẹ díẹ̀ tí a gbé lé ojú ilẹ̀ láìgbẹ́ ẹ, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí wọn, ti tó.

Ibo wá ni òkúta àti búlọ́ọ̀kù máa wà? Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti táyà mọ́tò bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ẹ tó pe òṣìṣẹ́ kankan, ẹ ṣọ́ àgbàlá yín fún ọ̀sẹ̀ kan: ibo ni ẹ ń gbà lọ sí ẹnu kànga tàbí ìdí táńkì, ibo ni ẹ ń gbà lọ sá aṣọ, ibo ni mọ́tò ń yí orí sí. Ẹ bu eérú, ẹ fi fa ilà sí àwọn ibi wọ̀nyẹn. Ó máa yà yín lẹ́nu bí wọ́n ṣe kéré tó. Ní ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀tì tí mo ti ṣiṣẹ́, ìdajì ilẹ̀ tó ṣófo kò nílò búlọ́ọ̀kù kankan, owó ìdajì yẹn náà sì nìyẹn. Ní yíká ilé, ẹ ṣe kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, kó máa lọ sílẹ̀ kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà 1 kọ̀ọ̀kan. Èyí ni kò ní jẹ́ kí òjò máa ta ẹrẹ̀ sí ara ògiri, òun ló sì máa mú ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yín. Láti géètì dé ibi tí mọ́tò ń sùn, ẹ lè tẹ́ ìlà méjì fún táyà, kí koríko wà láàárín, kí ẹ sì tẹ́ ibi tí mọ́tò ti ń yí orí pátápátá. Búlọ́ọ̀kù mìlímítà 60 tó fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Ti mọ́tò, ẹ béèrè fún mìlímítà 80. Kí ẹ rí i dájú pé wọ́n fi kọnkéré di etí rẹ̀ níbi gbogbo, torí pé íńtálọ́ọ̀kù tí etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé omi yín níkọ̀ọ̀kan. Omi òrùlé ló pọ̀ jù, òun náà ló rọrùn jù láti mú. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150 máa gba lítà 7,500 nínú òjò mìlímítà 50 kan ṣoṣo. Ẹ fi gọ́tà sí etí òrùlé, kí ẹ darí rẹ̀ sínú táńkì, ẹ ó máa fi fọ aṣọ, ẹ ó máa fi bomi rin ewéko. Omi tó ń sáré láti ẹ̀yìn ilé, ẹ má fi ògiri gíga kan dojú kọ ọ́. Ìpele kékeré méjì tí a fi òkúta tò ní ìdábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, máa ń mú kí omi rọra rìn. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí àárín òkúta náà pa. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí omi lè máa yọ́ jáde. Ògiri tó bá ga ju mítà 1 lọ, iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Ìdí fẹ́ńsì yín náà nílò ihò tí omi á máa gbà, kí fẹ́ńsì má baà máa dá omi dúró títí yóò fi wó. Koríko vetiver dára láti gbìn ní ẹsẹẹsẹ níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ẹ, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè jìn tó mítà 3, ó sì ń di ilẹ̀ mú.

Nísàlẹ̀, nítòsí géètì, ẹ ṣe kòtò fífẹ̀ kan tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kí omi tó bá dé ibẹ̀ lè dúró díẹ̀ kó tó wọlẹ̀, kí èyí tó bá kún jù sì gba gọ́tà jáde síta. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó mítà 3 ó kéré tán, kó sì jìnnà dáadáa sí kànga àti sọ́kàwè. Kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ dán ilẹ̀ wò: ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Tí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá gbẹ láàárín ọjọ́ kan, ilẹ̀ yín dára fún un. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ẹ máa rò. Ẹyin ẹ̀fọn sábà máa ń nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan nínú omi kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò, nítorí náà omi tó bá ti wọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì kò lè mú ẹ̀fọn jáde. Ibi tí omi bá dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kòtò síbẹ̀. Ní ti ohun tí ẹ máa gbìn sínú rẹ̀, ẹ má náwó sí ewéko òkèèrè. Tètèrègún fẹ́ràn ibi tútù, ìdò náà fẹ́ràn rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì dára láti wò. Kókò á hù níbẹ̀. Tí òjìji igi bá dé ibẹ̀, ewé eéran á ṣe dáadáa, ẹ ó sì rí ewé fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Pèrègún àti àkòko ni kí ẹ tò sí ìdí fẹ́ńsì. Wọn kì í fẹ̀ púpọ̀, a lè máa gé wọn, wọ́n sì ti ń sàmì ààlà fún wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀nà yìí ti le. Igi máa ń já ewé, máńgòrò á sì máa já èso jíjẹrà sílẹ̀ nígbà àsìkò rẹ̀, eṣinṣin á tẹ̀ lé e. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbálẹ̀ lójoojúmọ́. Koríko àtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹní-ẹní fẹ́ oòrùn, ó fẹ́ gígé, ó sì fẹ́ omi nígbà ọyẹ́. Lábẹ́ máńgòrò, kò ní hù dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí koríko ń gba inú rẹ̀ hù dára fún ibi tí mọ́tò kì í gbé pẹ́, ṣùgbọ́n bàtà onígìgísẹ̀ máa ń há sínú rẹ̀, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn kò sì ní gbádùn rẹ̀. Pákó tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn àwòrán London yẹn, ikán ni ọ̀tá rẹ̀ níbí. Òpèpè tàbí ìrókò lè gbìyànjú, ó wọ́n, ó sì nílò ìtọ́jú. Koríko oníke ni mo máa ń kọ̀ pátápátá, torí pé ó ń gbóná nínú oòrùn débi tí ọmọdé kò lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀. Bí bàbá bá sọ pé àwọn kò fẹ́ wàhálà gbígbá rárá, íńtálọ́ọ̀kù rọrùn jù lóòótọ́, èmi kò ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé koríko á máa hù láàárín rẹ̀ náà, àti pé búlọ́ọ̀kù tó gba oòrùn lọ́sàn-án máa ń tú ooru náà jáde lálẹ́, lẹ́bàá fèrèsé tí ẹ fẹ́ ṣí sílẹ̀ láti sùn.

Ìmọ̀ràn tí mo lè fún ẹ̀yin méjèèjì ni pé kí ẹ ṣe é ní ìpele. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ ṣe yíká ilé, ọ̀nà mọ́tò, gọ́tà òrùlé àti ìpele òkúta. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ gbin ewéko. Kí igi wà níbẹ̀ di ìgbà tí òjò ọdún yẹn bá parí. Tí bàbá bá ṣì rí ẹrẹ̀ tàbí ìlàlà ara ògiri lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún ọ̀rọ̀ gé igi gbé wá sórí tábìlì. Íńtálọ́ọ̀kù ṣeé fi kún nígbàkígbà. Igi tó tó irú èyí, ọdún mẹ́wàá lè má tó láti rí òmíràn.

Èmi kò tíì fi ojú rí ilẹ̀ yín o, lẹ́tà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Tí ògiri bá ti là báyìí, tí ìlà náà sì ń fẹ̀ sí i, ẹ pe ẹnjiníà ilé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun tí mo kọ. Tí ẹ bá gbẹ́ ihò tí ẹ bá omi ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń rí ní ilẹ̀ àbàtà Èkó, kòtò tí mo júwe kò ní wúlò, ẹ ó nílò gọ́tà tó dára tó máa gbé omi jáde. Ohun kan tún wà tí lẹ́tà yín kò sọ: bóyá omi tó ń wọ àgbàlá yín bọ́ sórí ilẹ̀ yín ni, àbí láti inú ilé tó wà lẹ́yìn yín ló ti ń ya wọlé. Tí òjò bá tún ń rọ̀, kí ẹnì kan wọ bàtà rọ́bà, kó dúró ní ẹ̀yìn ilé lọ́dọ̀ fẹ́ńsì, kó wò ó. Tí ó bá jẹ́ pé ihò fẹ́ńsì aládùúgbò ló ń da omi gbogbo àgbàlá rẹ̀ sí yín, òkúta àti tètèrègún nìkan kò lè gbà yín. Ẹ ya fọ́nrán rẹ̀ sórí fóònù, kí bàbá bá onílé náà sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kí ẹ jọ la gọ́tà kan tó máa gba ẹ̀yìn ilé gbogbo yín kọjá lọ sí ti ìjọba.